Sàréè Tí Mo Ṣí Kúrò Láyè Rẹ̀

Mo rántí ìgbà tí bàbá arúgbó kan bọ́ ohun tó dà bí akoto kúrò lójú, tó rọra gbé e sórí tábìlì, tó ní, "Ta ló gbé bàbá mi fún àwọn ará ilé kejì?" Kò pariwo. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó tẹ̀lé e wọ kíláàsì wa ni wọ́n dìde.

Ní Bódìjà, èmi ni mo máa ń fi páálí àti yíǹkì ya àwọn àdúgbò àtijọ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé wa. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe é kí olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tó ti òkè òkun gbé kọ̀ǹpútà dé. Bí ọmọ bá dé akoto awòran tó so mọ́ ọn sójú, á máa wo àdúgbò kan lẹ́yìn Dùgbẹ̀, tí wọ́n ti wó tipẹ́, bí ẹni pé ó dúró láàrin ilé. Kò sẹ́ni tó wo páálí mi mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sàmì síbi tí nǹkan wà, ẹ̀yin lẹ mọ ibẹ̀," ni olùkọ́ náà wí fún mi. Mo sàmì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé sàréè kan kúrò níwájú ilé kan lọ síwájú ilé kejì, kí ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí wọ́n ń pè wá wò ó lè rí àṣìṣe náà, kó fi olùkọ́ náà ṣẹ̀sín. Mi ò mọ̀ pé agbo ilé méjèèjì ń ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ibi tí a sin bàbá ẹni sí ni ẹ̀rí pé ẹni ló ni ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé èmi ni mo sàmì, àwọn ọmọ bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi ní Agbowó. "Tíṣà, ṣé ẹ ti rántí ibi tí bàbá ńlá wa sùn sí? Bí ẹ ò bá rántí, a lè gbẹ́ ọ̀kan fún yín, kẹ́ ẹ fi mọ bó ṣe ń rí." Mo sá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Baṣọ̀run. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Mo padà lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́ náà. Kò bú mi, ó dá sàréè náà padà sáyè rẹ̀. Bàbá arúgbó náà tún wá, ó dé akoto, ó yí orí díẹ̀díẹ̀, lójijì ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ kú ilé o, bàbá mi." Nígbà tó dìde, ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ má tún gba iwájú ilé mi kọjá mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé olùkọ́ náà lórí, ó ṣàdúrà fún un títí. Ó wá yíjú sí mi. "Tíṣà, ẹ máa relé."

Ẹ̀rù àwọn ọmọ náà kúrò lára mi lọ́jọ́ náà. Mo ti hu ewú báyìí, mo sì mọ̀ pé ǹ bá ti kú lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, bí mo bá rántí, kì í ṣe ewu yẹn ló ń dùn mí. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ya páálí, kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀ níwájú ọ̀kan rí.