Bàtà Funfun tí Mo Rà fún Nọ́ọ̀sì Wa

Èmi ni mo ra bàtà náà. Ní Ọ̀rẹ̀ ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ọmọ Ìbò kan tó ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń lẹ táyà. Nígbà yẹn, owó epo ti dé, títì tó ti Èkó lọ sí Bìní sì ti gba àárín wa kọjá. Ọkọ̀ kì í dáwọ́ dúró, táyà kì í sì í yéé jò. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n owó ń wọlé. Mo ti ra alùpùpù, mo ti gbéyàwó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, mo ní kò sí ohun tí n kò lè rà fún un.

Bàtà funfun ni, olókùn, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí.

“Àbúrò mi, ṣé kì í ṣe pé o jalè?”

“Ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò ná, kí ẹ tó pe ọlọ́pàá.”

Ó wọ̀ ọ́. Ó rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí ìkòkò omi, ó tún rìn padà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Màmá wa ń pàtẹ́wọ́, ó ń sunkún. Bàbá wa, tó ti òkè wá dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tẹ̀ síwájú. Ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ẹsẹ̀ lásán ni òun fi ń lọ oko láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Ìjọba gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí Ararọ̀mí-Obu, níbi tí wọ́n ti bí wa gan-an. Èmi ni mo fi alùpùpù gbé e lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀nà igbó ni, eruku rẹ̀ pupa. Mo ní kó na ẹsẹ̀ síta díẹ̀ kí àwọn ará oko lè rí bàtà.

“Ṣé bàtà lo gbé ni, àbí èmi?” ló bi mí.

Ó dé ibẹ̀, kò rí aboyún kan. Ẹni tó ń wúkọ́ wá, ẹni tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀ wá, ṣùgbọ́n àwọn aboyún kọjá lọ sí ilé àdúrà, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Agbẹ̀bí. Ìyá yìí ló gbẹ̀bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi á fọ aṣọ ibùsùn tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé, á se àwọn irin iṣẹ́ rẹ̀ nínú omi gbígbóná, á tún kó wọn padà sínú àpótí. Ó rò pé nítorí pé òun kò tíì bímọ ni. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, wọ́n á wá.

Ìyàwó mi ló là mí lóye. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù nígbà náà, ọ̀dọ̀ màmá wa ní Ararọ̀mí ló sì ń gbé, torí ariwo Ọ̀rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lọ bá ẹ̀gbọ́n mi.

“Àǹtí ń wọ aṣọ funfun pẹ̀lú bàtà.”

“Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mà ni!”

“Èmi mọ̀. Ẹ lọ sọ fún wọn nílé àdúrà.”

Mo jókòó. Èmi tí mo gbé àbẹ́là kiri nílé àdúrà títí mo fi di géńdé! Ẹni tó bá ti wọ sùtáànà funfun kì í wọ bàtà, torí ilẹ̀ mímọ́ ló ń tẹ̀ níbi gbogbo. Lójú àwọn ìyá ilé àdúrà, ọmọ tí wọ́n jọ tọ́ ló lọ sílé ìwé, tó wá padà fi bàtà tẹ aṣọ Ọlọ́run mọ́lẹ̀. Gáréèjì ti mú èmi gbàgbé, ilé ìwé sì ti mú òun náà gbàgbé.

N kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo wò ó bó ṣe ń fi ẹfun kun bàtà náà láràárọ̀, ẹnu mi kò gbà á. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé bí ìyàwó àbúrò nọ́ọ̀sì kò bá lọ bá nọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tí yóò lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìyàwó mi rọbí. Mo ti Ọ̀rẹ̀ dé, mo bá wọn nílé àdúrà, mo dúró síta lábẹ́ igi pẹ̀lú bàbá kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó pẹ́, a gbóhùn ọmọ. Mo fò sókè. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbé orin ọpẹ́. Ìyá Agbẹ̀bí yọjú síta, ẹ̀jẹ̀ dé ìgúnpá rẹ̀. Ìkálẹ̀ ló ń sọ, bó ṣe yé mi ni mò ń kọ ọ́:

“Ọmọ ti dé, ibi rẹ̀ kò wá. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ.”

“Ìyá,” ni bàbá ẹnu ọ̀nà wí, “ẹ jẹ́ ká tún gbàdúrà díẹ̀ sí i.”

“Gbà á, má dákẹ́ o. Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ yìí, gun nǹkan rẹ tó ń pariwo yẹn, kó pariwo fún wa lónìí!”

N kò mọ bí mo ṣe dé ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ̀gbọ́n mi kò bèèrè ọ̀rọ̀ méjì, ó gbé àpò rẹ̀, ó fò sẹ́yìn mi. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà, bàbá yẹn na ọwọ́.

“Nọ́ọ̀sì, bàtà!”

Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ bàbá náà, ó wo sùtáànà ọrùn rẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Agbẹ̀bí sì ti ń ké láti inú ilé pé, “Ẹ jẹ́ ó wọlé bẹ́ẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń wò, ẹ̀yin ń wo ẹsẹ̀!”

“Ilé yín ni, Ìyá,” ló dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bọ́ bàtà.

Okùn bàtà náà takókó. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, mo ń tú ẹsẹ̀ kan, ó ń tú èkejì. Bàtà olókùn ni mo lọ rà! Mo fi eyín já tèmi. Ó fi ẹsẹ̀ lásán sáré wọlé.

Ìyàwó mi ló sọ ìyókù fún mi. Ìyá gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń gbàdúrà sí i létí. Ẹ̀gbọ́n mi fọ ọwọ́, ó gún un lábẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ títí ibi ọmọ fi wá. Èmi orin ni mo gbọ́ níta.

Nígbà tó jáde, ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi wà láàárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

“A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Obìnrin ni. Imú rẹ ló gbé wá, kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀.”

Ní ọjọ́ ìsinmi tí a kó ọmọ jáde, Ìyá Agbẹ̀bí fa ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ lọ síwájú ìjọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi náà kúnlẹ̀ ti òun.

“Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé eléyìí nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù,” ló wí. “Ó ti di agbẹ̀bí. Ẹ gbàdúrà fún àwa méjèèjì, iṣẹ́ kan náà ni.”

Mo ti rí ìwé ẹ̀rí ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n fi férémù sí. Lójú mi, ọjọ́ yẹn ló di nọ́ọ̀sì.

Láti ìgbà náà, Ìyá fúnra rẹ̀ ló ń mú àwọn aboyún wá. Ẹ̀gbọ́n mi ra sálúbàtà rọ́bà tó ń wọ̀ nínú iyàrá ìgbẹ̀bí nìkan, ó sì ń bọ́ bàtà funfun sẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá rí i níta, wọ́n mọ̀ pé nọ́ọ̀sì wà nílé.

Mo máa ń sọ pé n ó yà kí Ìyá Agbẹ̀bí dáadáa, n ó ra aṣọ fún un. Táyà kan á jò, n ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ti sin ín kí n tó gbọ́. Nígbà tí mo dé ilé ìgbẹ̀bí, bàtà náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, oòrùn ti sọ ọ́ di ràkọ̀ràkọ̀, ẹsẹ̀ kan kò ní okùn. Mo ní kí n ra òmíràn fún ẹ̀gbọ́n mi.

“Má rà á,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Èyí ni àwọn aboyún mọ̀.”