Ìwẹ̀ Okùn Ìwọ̀

Bí ọkọ mi bá ti ti mọ́sálásí dé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, wọn a gbé omi kaná. Omi náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú ilé. Okùn ìwọ̀ ló fẹ́ wẹ̀.

Àbúrò wọn tó wà lókè òkun ló fi ọ̀pá ìwọ̀ kan ránṣẹ́ sí wọn, irú èyí tí wọn kì í fi ekòló sí lẹ́nu. Eṣinṣin ayédèrú ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Ìyẹ́ àkùkọ ni ọkọ mi fi ń ṣe é, pẹ̀lú òwú tèmi, nítorí pé aránṣọ ni mí ní Agége. Bí okùn bá wẹ̀ tán, wọn a fi aṣọ funfun nù ún, wọn a ta kókó, wọn a fi itọ́ rin ín, wọn a fà á wò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ìdájí Sátidé, odò Ògùn yá. Ohun tí wọ́n ń gbé bọ̀ lọ́sàn-án kò lè yó ológbò.

“Ṣé ẹja mọ̀ pé ẹ wẹ okùn ni?” Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan.

“Èmi mọ̀,” ni wọ́n wí.

Gbogbo oníbàárà mi ló bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi ní Ìlúpéjú. Wọ́n sùn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ní ó rẹ̀ wọ́n ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, wọ́n ṣì ń sùn. Wọn a kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn a tún padà sórí rẹ̀. Jímọ̀ ń dé, Jímọ̀ ń lọ, kò sí omi lórí iná. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ó dà bí ẹni pé ọkọ mi ń lọ díẹ̀díẹ̀ níṣojú mi, tí n kò sì rí ibi tí mo lè dì mú. Ẹ̀gbọ́n wọn kan wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣàdúrà. Àdúrà náà gùn. Ọkọ mi ti sùn kó tó parí.

Ni mo bá gbé omi kaná fúnra mi lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Mo gbé okùn wá sínú yàrá, mo wẹ̀ ẹ́, mo nù ún. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo wá so eṣinṣin kan mọ́ ọn bí a ṣe ń so bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, mo sì fi eyín gé òwú rẹ̀ féú.

“Kí lo so yẹn?” Ọkọ mi ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

“Kókó ni.”

“Kókó bọ́tìnnì. Ẹja ńlá á já a lọ.”

“Ẹja ńlá wo? Ṣé ẹ ti pa irú ẹ̀ rí ni?”

 Mo rò pé ẹnu mi ti bà á jẹ́. Àfi bí wọ́n ṣe sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, tí wọ́n wá jókòó tì mí nílẹ̀, tí wọ́n gba okùn lọ́wọ́ mi, tí wọ́n ń tú u. Ó pẹ́ kó tó tú, nítorí èmi náà mọ nǹkan so. Títí di òní, n kò lè sọ bóyá wíwẹ okùn ń mú ẹja wá. Ọjà la ti ń ra èyí tí à ń jẹ.

Nígbà tí wọ́n tún un so tán, wọ́n bi mí pé kí la fẹ́ jẹ. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bọ́, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń mú kí wọ́n fi oúnjẹ kan ẹnu. Mo dìde lọ sí kíṣìnnì, mo sunkún dáadáa, kí n tó dáná.