Òrí Lọ́fun Àtùpà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kalley, níbí ní Niamey, àtùpà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ilé wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á mọ irú rẹ̀, onígíláàsì tó ní ọwọ́ irin lókè, tí òórùn epo òyìnbó rẹ̀ ti máa ń kún inú ilé kí wọ́n tó tàn án rárá. Aṣọ ni bàbá wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ń tà. Bó bá ti ọjà dé, tí a bá kírun Màgàríbà tán, ìyá wa á gbé àtùpà náà sáàárín ẹní, gbogbo wa á sì ya bò ó bí adìyẹ tó rí àgbàdo: àwa ọmọ ilé, àwọn ọmọ àbúrò bàbá wa, àti àwọn ọmọ Zarma, ẹ̀yà onílẹ̀ níbí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Níbẹ̀ la ti ń jẹ dàmbú, oúnjẹ ọkà tí wọ́n po mọ́ ewé mọ̀ríńgà, tí òróró ẹ̀pà ń dán lára rẹ̀. Níbẹ̀ náà ni Ràáfíù ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi ọwọ́ ṣe òjìji ràkúnmí sára ògiri, tí a ó máa rẹ́rìn-ín títí ìyá wa á fi ní ká jẹ́ kí bàbá sinmi.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa nu gíláàsì. Ọwọ́ mi kéré, ó máa ń wọnú rẹ̀ dáadáa. Ilé ìwé tí mo lọ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àtùpà yẹn, mo kà á yanjú. Eérú àti àkísà rírọ̀ la fi ń nù ún, a kì í sì í jẹ́ kí omi kàn án tó bá ṣì gbóná. Ràáfíù da omi sí i lọ́jọ́ kan, ó là pààrà. Ìyá wa ní kó kúnlẹ̀, kó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ jẹ ìyà náà, torí inú òkùnkùn la ti jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ẹran inú ọbẹ̀ di ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá. Tèmi ò yá.

Bí àtùpà bá ń ṣe ségesège, Ràáfíù á fẹ́ gbá a nídìí. Ìyá wa á ní, "Má nà án! Bi í léèrè. Ṣé ebi ń pa á? Ṣé ojú rẹ̀ dọ̀tí? Àbí ọ̀fun rẹ̀ ló dí?" Ebi ni pé kí a wo epo, ojú ni gíláàsì, ọ̀fun sì ni ibi tí òwú ń gbà kọjá. Kò jẹ́ fo ọ̀kan lọ sí èkejì. Bó bá tún un ṣe tán, á bu òrí díẹ̀, á fi pa irin tí a fi ń yí òwú, kí iyanrìn má baà há a. Lójú ìyá wa, kò sí ohun tí òrí kò lè wò, ì báà ṣe ẹsẹ̀ tó sán, imú tó dí, tàbí ìlẹ̀kùn tó ń ké.

Ọjọ́ ti lọ. Banifandou, àdúgbò mìíràn ní Niamey, ni mò ń gbé báyìí. Bàbá àwọn ọmọ mi ti ṣaláìsí, Ràáfíù náà ti lọ. Ọmọ mi kan wà ní Ìlọrin, èkejì, Mùdá, wà ní Kútọnu. Bí n kò bá gbé fóònù sétí, n kì í gbọ́ Yorùbá lójúmọ́, àfi èyí tí mo bá ń bá ara mi sọ.

Mùdá ló bá mi ṣe iná sólà. Ó to páálí tó ń gba oòrùn sórí òrùlé, ó gbé bátìrì sí igun yàrá, ó sì kan àpótí kékeré kan mọ́ ògiri, èyí tó ń fi iná pupa àti iná àwọ̀ ewé sọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Ó wá fi gílóòbù kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iná ìjọba kì í dúró ládùúgbò wa, nítorí náà kò pẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń gbé ìwé wá sábẹ́ gílóòbù mi. Faransé ni wọ́n ń kà, Zarma ni wọ́n fi ń jà. N kò mọ ohun tí wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n ariwo wọn kún ilé mi. Mo máa ń dín màsà dè wọ́n.

Nígbà tí ooru dé, iná náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú kí a tó kírun Ìṣáì. Nígbà tó yá, kò tàn mọ́ rárá. Àwọn ọmọ dínkù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó lọ sí ilé kan ní ìkóríta tó ní jẹnẹrétọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n. Fati, obìnrin Zarma tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín, nàgà lókè ògiri.

"Ìyá Mùdá! Àwọn ọkọ rẹ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ o!"

Mo ní, "Ṣé ìwọ lo gbà wọ́n ni?" A rẹ́rìn-ín. Mo wọlé, mo jókòó ti màsà tí mo ti dín, kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́.

Mo pe Isá, tó ń tún iná ṣe lọ́jà Katako. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fi ní, "Hajiya, bátìrì ti kú. Ẹ ra tuntun." Mo pe Mùdá. Ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Màmá. Tí mo bá wá lọ́dún tó ń bọ̀, màá wò ó." Lọ́dún tó ń bọ̀! Ṣé àwọn ọmọ tó ti rí tẹlifíṣọ̀n á dúró dè mí di ọdún tó ń bọ̀?

Ni mo bá bi iná náà léèrè fúnra mi, bí ìyá wa ṣe máa ń ṣe. Ebi kọ́, oòrùn Niamey kì í febi pa ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ńkọ́? Mo gun àtẹ̀gùn lọ sórí òrùlé ní ìdájí kí páálí tó gbóná, mo fi omi àti aṣọ tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan pín fún wa nígbà ìbò nù ún. Eruku tó kúrò lórí rẹ̀ tó mọ ilé. Aṣọ náà wúlò lọ́jọ́ yẹn ju ìlérí tí wọ́n bá a wá lọ. Nígbà tí oòrùn yọ, iná tó wà ní apá páálí lára àpótí di àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n apá ti bátìrì ṣì pọ́n kanrin. Oúnjẹ ń dé ẹnu, kò dé ikùn. Ó ku ọ̀fun.

Mo fi ẹní bo páálí kí iná má baà máa bọ̀. Mo wé àkísà mọ́ ọwọ́ sípánà, mo kọ́kọ́ tú wáyà dúdú, lẹ́yìn náà mo tú pupa, bí Mùdá ṣe kọ́ mi. Kí ni mo bá lábẹ́ irin tó di orí bátìrì mú? Òrí! Nígbà ọyẹ́, Mùdá ti ní kí n má jẹ́ kí ó dípẹtà, ni èmi ọmọ ìyá mi bá tú u, mo fi òrí pa á nínú lóde. Ìyá wa ò fi òrí sínú ibi tí iná ń gbà rí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń pa. Ooru ti yọ́ òrí mi, iyanrìn ti bá a pò, ó ti gan bí ẹ̀kọ ìsàlẹ̀ ìkòkò, kò jẹ́ kí iná ráyè kọjá mọ́. Mo fi omi gbígbóná nù ún, mo jẹ́ kó gbẹ, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha irin títí ó fi dán, mo so pupa, mo so dúdú, mo fún wọn pinpin. Ìgbà yẹn ni mo tó fi òrí díẹ̀ pa ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ká ẹní kúrò. Kí a tó kírun Àsárì, apá bátìrì náà ti di àwọ̀ ewé.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo tan iná, mo tẹ́ ẹní, mo dín màsà. Kò sẹ́ni tó wá. Mò ń gbọ́ ariwo tẹlifíṣọ̀n láti ìkóríta.

Fati tún yọjú. "Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò," ó ní. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, Ramatu, ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó kéré jù nínú àwọn ọmọ tó ń wá kàwé, wọlé tòun tìwé rẹ̀. Ó jẹ màsà, ó kàwé díẹ̀, oorun sì gbé e lọ, orí rẹ̀ wà lórí ìwé.

Nígbà tiwa, àtùpà kan ni, orí sì pọ̀ tó yí i ká. Lónìí, iná mi mọ́ ju ti ìyá mi lọ, ó tàn kárí ẹní tó ṣófo. Bí oorun bá gbé ẹnì kan lọ nínú wa nígbà náà, ìyá wa á yí òwú wálẹ̀ kí iná rọra mọ́ lójú ẹni tó ń sùn. Èyí kò ní òwú tí a lè yí. Kó tàn ni, tàbí kó kú. Mo fi ìborùn mi ṣíji bo ojú ọmọ náà, mo sì jẹ́ kó máa tàn.