Ìbéèrè Tí Kọ̀ǹpútà Bi Àǹtí

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Àgùdà ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Obìnrin kan tá a máa ń pè ní Àǹtí ló kọ́ mi ní táípù. Nígbà tí ọ̀gá wa ra kọ̀ǹpútà, ọkàn wa ò balẹ̀. A rò pé ó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa ni.

Àbúrò ọ̀gá tó ti òkè òkun dé wá fi ètò kan sínú ẹ̀, tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bíi dókítà tó ń béèrè ohun tó ń dà á láàmú. Ohun tó o bá tẹ̀ sí i lédè òyìnbó, á dá ọ lóhùn. Ẹnì kan nínú wa tẹ̀ ẹ́ pé ebi ń pa òun. Kọ̀ǹpútà bi í pé kí ló dé tí ebi fi ń pa á. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Láìpẹ́ sígbà náà ni ìyá Àǹtí kú ní Iléṣà. Nígbà tó ti ibi ìsìnkú dé, gbogbo wa kí i: "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o." Ó dúpẹ́, ó jókòó sídìí iṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, a ò dárúkọ ìyá náà mọ́. A rò pé àánú là ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Àǹtí tó máa ń dápàárá látàárọ̀ ṣúlẹ̀ dákẹ́ lọ gbári.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn yòókù ti lọ jẹun, mo bá a níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, kí ló dé?"

"Mo sọ fún un pé màmá mi kú. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ màmá mi fóun. Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ mi kún ojú ẹ̀." Ó nu ojú. "Mo wá ní wọ́n fẹ́ràn ẹ̀pà. Ó ní ṣé ẹ̀pà ń dà mí láàmú ni."

Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ ìyá, kò mọ ikú. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń sọ. Àwa tá a mọ bí ikú ṣe ń dunni, àwa ò béèrè. Mo fa àga sún mọ́ ọn.

"Irú èèyàn wo ni màmá yín?"

Ó ní wọ́n ta òwú àti bọ́tìnnì ní ọjà Tejúoṣó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà sílé. Ó ní ohùn wọn ò dáa rárá, síbẹ̀ àwọn ló máa ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dá ọ̀kan fún mi bí ìyá náà ṣe ń dá a. Ibi tá a ti ń rẹ́rìn-ín ni ọ̀gá ti wọlé bá wa. Mo rò pé ó máa bínú.

"Tún un dá," ló wí, ó sì jókòó. "Ohùn ìyá tèmi náà ò dáa."

Kọ̀ǹpútà ò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Àǹtí ló wá mọ̀ ọ́n lò jù. Ọ̀gá ló yí padà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, arákùnrin tó ń tẹ̀wé fún wa pẹ́ kó tó dé láti Muṣin. Ọ̀gá ti lanu láti bú u, ló bá pa á dé.

"Ṣé kò sí láburú?" ló bi í. "Ilé ńkọ́?"

Arákùnrin náà gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.