Ẹni Tí Ẹnu Rẹ̀ Kì Í Dákẹ́ Lórí Àtẹ̀gùn

Èmi ni mo sọ pé ká máa lọ sílé. Mi ò ní purọ́.

Ẹ̀gbọ́n tá a jọ ń gbé yàrá kan ní Al Qasimia, nílẹ̀ Lárúbáwá, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lórí àtẹ̀gùn. Látìgbà tí ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀ tí wọn ò tún lífìtì ilé wa ṣe mọ́, á bú lífìtì, á bú maníjà ilé, títí a ó fi dókè. "Àbúrò, tó o bá rí i tí mo dákẹ́ níbí, mo ti ń kú lọ nìyẹn!"

Lọ́jọ́ tí àìsàn mú un, kò sọ nǹkan kan títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ tó ń ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ há a níka. Nọ́ńbà rẹ̀ dára, ìyẹn ni máàkì tí wọ́n fi ń wọn bí àìsàn ṣe le tó ò fi tó èyí tí wọ́n fi ń fúnni ní bẹ́ẹ̀dì.

"Khalas, ó ti parí, ẹ máa lọ," nọ́ọ̀sì wí.

Ẹ̀gbọ́n dì mí lápá mú. "Àbúrò, bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ kì í parọ́. Ẹ dìde."

Ọjọ́ kejì ló kú.

Nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà kan ló wá là mí lóye: ẹ̀rọ yẹn máa ń bu nọ́ńbà kún ti aláwọ̀ dúdú, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀. Wọ́n mọ̀! Wọ́n mọ̀, wọ́n ṣì ń fi pín bẹ́ẹ̀dì! Àwa tá à ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ní Mirdif tọ̀sán tòru, ẹ̀mí wa ò já mọ́ nǹkan kan.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ṣì ń pè mí láti Ìbàdàn. "Àbúrò ọkọ mi, ṣé wọn ò ní bẹ́ẹ̀dì ni?"

"Wọn ò ní, mà."

Mi ò tíì sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ní kí n bá òun bẹ̀bẹ̀. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn.