Ọjọ́ tí Wọ́n Bi Wá Léèrè Oríkì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba káàdì ìdìbò ní Muṣin wa níbí máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo ṣì wà nínú ẹgbẹ́ tó gba ipò lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ìdìbò gómìnà kan ló fà á. Ẹgbẹ́ wa ti fìdí rẹmi ládùúgbò nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀, inú sì ń bí àwọn aṣáájú, wọ́n ní ìbò àwọn Ìgbò ló fà á.

Èmi ni olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ní òpópónà wa nígbà náà. Irun ni mò ń dì jẹun, ìwé mi kò jìnnà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo torí rẹ̀ wà níbẹ̀: ẹgbẹ́ yìí ló la gọ́tà tí omi òjò kì í fi í wọ yàrá wa mọ́. Ohun tí mo bá fojú rí ni mo ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, tó gbé orí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, n kì í bi í ní ẹgbẹ́ tó ń ṣe, mi ò sì ní gbà kí wọ́n fọ́ orí ọ̀hún.

Lọ́sẹ̀ ìdìbò, wọ́n pè wá sípàdé. Alága ní kí àwa obìnrin sọ ilé tí àwọn Ìgbò ń gbé, kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Ìyá Ńkechi, aránṣọ Ìgbò tí mo ń dirun fún, inú ilé kan náà la jọ ń gbé. Mo ní èmi ò ní tọ́ka ilé ẹnikẹ́ni. Alága ò bú mi. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní ogbó ti ń dé sí mi. Ẹ̀rín yẹn bà mí lẹ́rù ju èébú lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, a pàdé nídìí ẹ̀rọ omi. Ìyá Ńkechi ti múra tán. Ó bi mí bóyá kí òun lọ. Bí mo bá ní kó má lọ, mo ti bá alága ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ní kó lọ, tí wọ́n wá ṣe é léṣe ńkọ́? Mo ní èmi ń lọ, bó bá wù ú, ká jọ lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ la ti ń dìbò. Ọlọ́pàá kan jókòó sábẹ́ igi, ó ń wo fóònù. Làmídì tó ń jó irin mọ́rin ládùúgbò, tó ti di ọmọ ẹ̀yìn alága, dúró níwájú ìlà, tòun tàwọn tó mú igi lọ́wọ́. Àwọn Ìgbò tó ti pẹ́ ní Muṣin gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa mìíràn lọ, èèyàn ò lè fi ahọ́n dá wọn mọ̀. Ni Làmídì bá dá ọgbọ́n tirẹ̀: oríkì ló ń bi kálukú.

Ọmọkùnrin kan wà níwájú wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé, Èkó ni wọ́n bí i sí. Kò mọ oríkì ara rẹ̀. Wọ́n gbá a létí. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kóun pe mọ́mì òun. Ó pè é lóòótọ́, la bá gbọ́ ohùn ìyá náà nínú fóònù: "Àlàó, kí ló dé, ta ló kú?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ́ kó kọjá. Ìyá Ńkechi ló kàn.

"Ìwọ, kí loríkì ẹ?"

Ó wò mí. Ọ̀kan nínú wọn ti gbé igi sókè.

Mo ní, "Àbẹ̀ní."

"Ìyá, ẹ̀yin kọ́ ni mo bi."

"Ta ló ń sọ ara rẹ̀ ní oríkì, Làmídì? Àgbà ní í sọ ọ́ fúnni. Èmi ni mo sọ ọ́."

"Ìgbà wo lẹ sọ ọ́?"

Irọ́ ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n pa, ẹ̀rù sì ti bà mí débi pé mi ò lè ronú mọ́.

"Nísinsìnyí."

Làmídì sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gbọ́ òórùn sìgá lẹ́nu rẹ̀.

"Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo lẹ wò?"

"Ilé tá a jọ ń gbé."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé kò ní dìbò fún wa?"

"Mo mọ̀. Èmi máa dìbò fún yín. Kó di tiẹ̀, kí n di tèmi."

Mo rò pé yóò lù mí. Ìtọ̀ fẹ́ bọ́ lára mi níbi tí mo dúró sí. Àmọ́ ó yàgò. Ó ní kí obìnrin náà lọ dìbò, ṣùgbọ́n kó ṣí ìwé ìbò náà sílẹ̀ kóun rí ibi tó máa tẹ̀ka sí. Ìyá Ńkechi mi orí.

"Ọ̀gá, ìbò tí ẹ bá bá mi wò kì í ṣe tèmi mọ́."

Ó yí padà, ó forí lé ilé. Àwọn onígi tẹ̀ lé e. Mo wo àpótí ìbò, ó kù díẹ̀ kí n dé ìdí rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn obìnrin náà. Mo kúrò lórí ìlà, mo lọ dì í lọ́wọ́ mú. A ò sáré, torí bí a bá sáré, wọn á lé wa. À ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn wa títí a fi dé ẹnu géètì, mi ò sì bojú wẹ̀yìn. Bí Làmídì ṣe mú kí ẹgbẹ́ ara rẹ̀ pàdánù ìbò tèmi nìyẹn.

Ẹgbẹ́ wa wọlé, wọ́n sì gba ipò lọ́wọ́ mi. Gọ́tà náà ṣì ń gbé omi lọ, àwọn náà ló sì là á. Òótọ́ kì í di irọ́ nítorí pé inú ń bí mi, ìdí tí mi ò fi kúrò nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pèpàdé, màá dìde, màá ní ẹ̀bẹ̀ kan wà nílẹ̀ tí a ò tíì bẹ obìnrin kan. Wọn á ní kí n jókòó. Màá jókòó. Nípàdé mìíràn, màá tún dìde.

Ohun tá a jèrè lọ́jọ́ náà ò ju pé wọn ò lù ú. Ìyá Ńkechi ní òun ò ní dìbò l'Ékòó mọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán. Káàdì ìdìbò rẹ̀, ó ti fi há abẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì ìránṣọ tó ń mì. Ìdìbò mìíràn ń bọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ fún un tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yọ káàdì náà.