Fóòmù Tó Wà Lábẹ́ Rẹ́síìnì

Ìdáyátù kì í bẹ̀rù òórùn. Òun àti Jàbárù ọkọ ẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n jọ ń tún àga ìtìmùtìmù ṣe ní Kabusa, l'Ábújá. Èyí tí ọmọ tọ̀ sí o, èyí tí eku bímọ sínú ẹ̀ o, ó ti tú gbogbo ẹ̀ rí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọsibítù kan ní Galadimawa gbé fóòmù bẹ́ẹ̀dì tíátà wá, èyí tí wọ́n ń tẹ́ èèyàn sí tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, ó ya rẹ́síìnì, ìyẹn awọ tí wọ́n fi bo orí ẹ̀, ló bá sáré bọ́ síta.

Sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi lẹ gbogbo ibi tó ti ya. Ẹ̀jẹ̀ kàn ń gba abẹ́ ẹ̀ wọlé ni. Fóòmù ti dúdú, ó ti le gbagidi.

Ọsibítù yẹn náà ni wọ́n ti la ikùn Ìdáyátù nígbà tó fẹ́ bí Fáìzàh ọmọ ẹ̀. Egbò yẹn kẹ̀, ó ń ṣọyún títí ọmọ fi mọ̀ ọ́n jókòó. Kí ni nọ́ọ̀sì wí? Ó ní ọ̀bùn ni. Ìyá ọkọ ẹ̀ gbọ́ ọ, kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Ìdáyátù tó ń fi dẹ́tọ́ọ̀lù wẹ̀ títí ara ẹ̀ fi ń bó!

Diméjì tó ń bójú tó ẹrù ọsibítù wá wo iṣẹ́. Ó bomú, ó ní kí wọ́n ṣáà fi rẹ́síìnì tuntun bò ó, àwọn tó fẹ́ yẹ tíátà wò ti ń bọ̀.

“Ọ̀gá, kòkòrò àìsàn ló kún inú ẹ̀.”

“Madam, ta ló máa rí i? Tó bá ti ń dán lókè, ó ti tán.”

“Ṣé ẹ lè tẹ́ ìyàwó yín sí i?”

Ó ní ìyàwó tòun kì í lọ síbẹ̀. Ẹ ṣáà gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ó ní tí wọn ò bá ṣe é, àwọn tó máa ṣe é pọ̀ ní Idu.

Jàbárù bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní àwọn máa ṣe é. Ibi tó ti ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ni Ìdáyátù ti wọ́ fóòmù lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó da kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná sí i.

Diméjì rí èéfín, ó ní kai, ọlọ́pàá lòun máa pè.

“Ẹ pè wọ́n. Ẹ̀yin náà lẹ máa sọ fún wọn ohun tí mo sun.”

Igun kan ò tíì jó. Jàbárù wo Diméjì, ó wo ìyàwó ẹ̀. Ó mú igi, ó ti igun náà sínú iná.